Àbàwọ́n Ojú Oòrùn, Ósóònù àti Jẹjẹrẹ Awọ Ara

Ní nǹkan bí ọdún 11 síra wọn ni àwọn àbàwọ́n dúdú ojú oòrùn máa ń pọ̀ dé góńgó, kí wọ́n tó tún dín kù. Heinrich Schwabe, ará Jámánì, ló kéde ìyípo yìí ní ọdún 1843, lẹ́yìn tí ó ti fi ọdún 17 kà wọ́n. Níwọ̀n bí ó ti dájú pé ìtànṣán ultraviolet, ìyẹn ìtànṣán oòrùn kan tí ojú kò lè rí, ń fa jẹjẹrẹ awọ ara, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rò pé ọdún tí ara oòrùn kò bá balẹ̀, tí àbàwọ́n rẹ̀ pọ̀, ni àrùn náà yóò pọ̀ jù. Èrò yìí fo ibi tí iṣẹ́ gan-an ti ń ṣẹlẹ̀, ìyẹn òfuurufú.

Àpapọ̀ agbára tí oòrùn ń rán sí wa kì í yí padà ju nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún lọ láàárín ìyípo náà. Ìtànṣán ultraviolet tí ìgbì rẹ̀ kúrú gan-an ló ń yí padà jù, àwọn wọ̀nyí kì í sì í dé ilẹ̀ rárá. Ní òkè réré, wọ́n á la ọ́síjìn sí méjì, ẹyọ kọ̀ọ̀kan á so mọ́ odindi ọ́síjìn mìíràn, yóò sì di ósóònù. Ósóònù yìí, tí ó pọ̀ jù ní nǹkan bí kìlómítà 15 sí 35 sókè, ló ń gbé UVC (ultraviolet tí ìgbì rẹ̀ kúrú jù) mì pátápátá àti èyí tó pọ̀ jù nínú UVB (èyí tí ìgbì rẹ̀ wà láàárín), ṣùgbọ́n UVA (èyí tí ìgbì rẹ̀ gùn jù) ń kọjá lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi wé ìlú kan tí ọ̀tá ń sọ lókò. Òkò tó tóbi jù kì í wọ ìlú. Àpáta tó wà lẹ́yìn ìlú ló ń bà, ó ń là á, àwọn mọlémọlé sì ń ṣa èérún àpáta náà fi mọ odi. Bí inú bá bí ọ̀tá náà tó bẹ́ẹ̀ tí òkò ńlá rẹ̀ fi pọ̀ sí i, odi yóò nípọn sí i, òkò agbedeméjì, èyí tí í ṣe UVB, yóò sì bá odi tó ju ti àná lọ. Ọ̀tá náà kò lè fi kún ìbínú rẹ̀ láì fi kún odi. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí: nígbà tí àbàwọ́n bá pọ̀ jù, ósóònù a máa fi nǹkan bí ìdá kan sí méjì nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, UVB tó ń dé ara ènìyàn sì lè dín kù díẹ̀. Agbára káká la fi lè rí ètò ààbò tó gbọ́n ju èyí lọ.

Àkókò gígùn tí àrùn náà ń gbà kó tó hàn tún ń da ìṣirò rú. UVB a máa lẹ lẹ́tà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú DNA, ìyẹn àkọsílẹ̀ àbùdá tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, pọ̀. Sẹ́ẹ̀lì a gé ibẹ̀ kúrò, a sì tún un kọ, ṣùgbọ́n àṣìṣe díẹ̀díẹ̀ ń ṣẹ́kù, ó sì lè gba ẹ̀wádún mélòó kan kó tó di jẹjẹrẹ. Awọ ara dà bí aṣọ tí wọ́n ń rì bọ aró léraléra: ó ti dú, ṣùgbọ́n ta ni yóò tọ́ka sí ìrìbọ̀ tó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀?

Ní ọdún 1978, àwọn olùṣèwádìí kan tó yẹ àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn ní ìpínlẹ̀ Connecticut, ní Amẹ́ríkà, wò ròyìn pé melanoma, oríṣi jẹjẹrẹ awọ ara kan, ń pọ̀ sí i lẹ́yìn ọdún tí àbàwọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn ẹ̀wádún wọ̀nyẹn, aṣọ ń kúrú sí i, àwọn aláwọ̀ funfun sì ń yá oòrùn kí àwọ̀ wọn lè pọ́n. Ìyípadà báyìí lágbára ju ohun tí àbàwọ́n lè ṣe lọ.

Ìyàtọ̀ mìíràn tún wà tó ju ti àbàwọ́n lọ: ẹ wo oṣù Ṣẹ́rẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ayé fi nǹkan bí mílíọ̀nù kìlómítà 5 sún mọ́ oòrùn ju ti oṣù Agẹmọ lọ, ìtànṣán sì fi nǹkan bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún lágbára jù, lásìkò ooru Ọsirélíà àti New Zealand gan-an, níbi tí jẹjẹrẹ awọ ara ti pọ̀ jù láyé. Odi ósóònù náà fúnra rẹ̀ sì ní àléébù: oòrùn nìkan ló mọ̀ ọ́n dá lóhùn. Kílórínì tó ń jáde láti inú kẹ́míkà CFC kò fi ohunkóhun kún un; ẹyọ atọ́ọ̀mù rẹ̀ kan lè ba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ósóònù jẹ́, èyí ló sì mú kí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn Montreal ní ọdún 1987 láti lé CFC kúrò nínú fíríìjì àti agolo afínfín.