Nígbà Tí Póìntì Bá Dọ́gba: Bí Sáà Kan Ṣe Ń Lọ ní La Liga

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹfà ọdún 2007, ọjọ́ tó kẹ́yìn sáà ní La Liga, líìgì ìpele àkọ́kọ́ ní Spéìn, Barcelona na Gimnàstic ní 5-1 nílùú Tarragona. Ní wákàtí kan náà, ní Madrid, Mallorca ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n Real Madrid, ìdajì àkọ́kọ́ sì parí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fi irú rẹ̀ túká, Barcelona ló ni ife. Ṣùgbọ́n José Antonio Reyes dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó wọlé, ó gbá méjì sáwọ̀n, Mahamadou Diarra gbá ẹyọ kan, ó di 3-1. Nígbà tí wọ́n ṣírò sáà náà látòkèdélẹ̀, Real Madrid ní póìntì 76, Barcelona náà ní 76. Góòlù tí Barcelona gbá wọlé fi 45 ju èyí tí wọ́n gbá wọlé wọn lọ. Ti Real Madrid kò ju 26 lọ. Síbẹ̀, Real Madrid ló gbé ife.

Ẹni tó bá ń fi ojú Premier League wo ọ̀rọ̀ yìí yóò ní wọ́n rẹ́ Barcelona jẹ ni. Ní England, bí póìntì bá dọ́gba, ìyàtọ̀ góòlù ni wọ́n ń wò. Bẹ́ẹ̀ ni Manchester City ṣe gba ife mọ́ Manchester United lọ́wọ́ ní 2012, nígbà tí àwọn méjèèjì ní 89. Ní Spéìn, ìbéèrè mìíràn ni wọ́n kọ́kọ́ ń bi ẹgbẹ́ méjì tó bá dọ́gba: nígbà tí ẹ pàdé ara yín, ta ló na ta?

Ìpàdé àkọ́kọ́ nínú sáà yẹn wáyé ní Bernabéu, pápá Real Madrid, ní oṣù Kẹwàá 2006. Real Madrid fi 2-0 borí. Èkejì wáyé ní Camp Nou, pápá Barcelona, ní oṣù Kẹta 2007, wọ́n sì gbá ọ̀mì 3-3. Ọjọ́ yẹn ni Lionel Messi, ọmọ ọdún 19, gbá mẹ́ta sáwọ̀n, ẹ̀kẹta nígbà tí àsìkò fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, tí gbogbo pápá hó yèè bí ẹni pé Barcelona ló jáwé olúborí. Ọ̀mì náà kò tó wọn. Nínú ìpàdé méjèèjì, Real Madrid rí póìntì 4, Barcelona rí 1. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìyẹn ló pín ife.

Bí gbogbo ètò La Liga ṣe rí nìyẹn. Ohun tí ẹgbẹ́ kan ti ṣe sẹ́yìn kì í kú, ó ń dúró dè é níbì kan.

Kí ẹnikẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù, ìwé owó ni wọ́n kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò. Iye tí ẹgbẹ́ kan lè ná lórí agbábọ́ọ̀lù àti akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ààlà, àwọn aláṣẹ líìgì ló sì ń bójú tó o láti ọdún 2013. Wọ́n á wo owó tí ẹgbẹ́ náà ń retí: owó tíkẹ́ẹ̀tì, owó tẹlifíṣàn, owó àwọn tó ń polówó lára aṣọ. Wọ́n á yọ ìnáwó tí kò kan àwọn agbábọ́ọ̀lù kúrò, wọ́n á yọ gbèsè tó ti tó san kúrò. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni wọ́n láṣẹ láti ná. Owó tí wọ́n fi ra agbábọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀, àmọ́ wọ́n máa ń pín in káàkiri ọdún tó wà nínú àdéhùn: ẹni tí wọ́n rà ní mílíọ̀nù 50 Yúrò fún ọdún 5, mílíọ̀nù 10 ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ lọ́dún kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó fi owó iṣẹ́ rẹ̀ kún un.

Ẹgbẹ́ tó bá ti kọjá ààlà lè ra ènìyàn, ó lè bá a ya fọ́tò, ó lè fún un ní aṣọ. Ṣùgbọ́n wọn kò ní kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sì sí nílẹ̀ kò lè gbá bọ́ọ̀lù. Èyí ló ṣẹlẹ̀ sí Messi ní oṣù Kẹjọ 2021. Àdéhùn rẹ̀ ti parí ní ìparí oṣù Kẹfà, òun àti Barcelona sì ti fẹnu kò lórí òmíràn, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà kéde pé òfin owó líìgì kò jẹ́ kó ṣeé ṣe. Paris ló gbà lọ. Gbèsè tí wọ́n ti jẹ látẹ̀yìn wá ló lé agbábọ́ọ̀lù tó dára jù nínú ìtàn wọn jáde nílé.

Owó tẹlifíṣàn náà ní òfin tirẹ̀. Títí di ọdún 2015, olúkúlùkù ẹgbẹ́ ló ń ta tirẹ̀, Real Madrid àti Barcelona sì ń kó èyí tó pọ̀ jù lọ. Ìjọba Spéìn wá ṣe òfin ní oṣù Kẹrin ọdún náà pé àpapọ̀ ni kí wọ́n máa tà. Nínú rẹ̀, ìpele kejì ń gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, La Liga ń gba àádọ́rùn-ún. Ìdajì owó La Liga ni wọ́n ń pín dọ́gba fún gbogbo ẹgbẹ́. Ìdá kan nínú mẹ́rin ń tẹ̀lé bí ẹgbẹ́ ṣe ṣe sí láàárín sáà márùn-ún tó kọjá. Ìdá kan nínú mẹ́rin tó kù ń tẹ̀lé bí èrò ṣe ń tẹ̀lé wọn tó, ní pápá àti lórí tẹlifíṣàn. Òfin yìí dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì, nítorí ó jẹ́ kí ẹgbẹ́ kékeré lè mọ ohun tí yóò wọlé fún un kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè wá kò ní sáà márùn-ún tó máa tọ́ka sí, nítorí náà kò lè bá ẹni tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́ dọ́gba.

Nọ́ńbà aṣọ 25 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní fún àwọn àgbà, láti 1 dé 25. Àwọn ọmọ tó ṣì wà nínú ẹgbẹ́ kejì ń wọ nọ́ńbà tó ju ìyẹn lọ. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni Lamine Yamal gbà wọ pápá fún Barcelona ní oṣù Kẹrin 2023 nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ ọdún 15.

Ìgbà náà ni bọ́ọ̀lù wá bẹ̀rẹ̀, ní àárín oṣù Kẹjọ. Ẹgbẹ́ 20 ló wà. Olúkúlùkù yóò bá àwọn 19 yòókù pàdé lẹ́ẹ̀mejì, nílé àti lájò, ìyẹn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38 fún ẹgbẹ́ kan, 380 lápapọ̀. Ẹni tó bá borí ń gba póìntì 3, ọ̀mì jẹ́ 1. Sáà 1995-96 ni póìntì 3 bẹ̀rẹ̀, 2 ni wọ́n ń fún ẹni tó borí tẹ́lẹ̀. Sáà tí òfin náà bẹ̀rẹ̀ yẹn, Rashidi Yekini wà ní Sporting Gijón, Mutiu Adepoju sì wà ní Racing Santander, nígbà tí ẹgbẹ́ 22 ṣì ń du ife. Agbábọ́ọ̀lù tó bá gba káàdì ìyẹ́lò márùn-ún ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ yóò jókòó fún ẹyọ kan. Èyí náà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ oṣù Kẹsàn-án tí wọ́n ń jìyà rẹ̀ ní oṣù Kejì.

Orí ọ̀rọ̀ póìntì tó dọ́gba ló yẹ kí ènìyàn dúró sí pẹ́ díẹ̀, nítorí òun ni àwọn òǹwòran máa ń ṣì lóye jù. Àwọn ará Spéìn ń pè é ní golaveraje. Bí ẹgbẹ́ méjì bá ní póìntì kan náà, wọ́n á ka póìntì tí wọ́n rí lára ara wọn. Bí ìyẹn náà bá dọ́gba, wọ́n á ka góòlù inú ìpàdé méjèèjì náà. Ó di ìgbà tí ìyẹn bá tún dọ́gba kí wọ́n tó wo ìyàtọ̀ góòlù inú gbogbo sáà. Góòlù àjò kò sì ju góòlù ilé lọ. Bí ẹgbẹ́ tí ó dọ́gba bá jẹ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á yọ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó wà láàárín wọn nìkan sọ́tọ̀, wọ́n á sì fi to àtẹ kékeré kan tí yóò pín wọn.

Ohun tí èyí ń ṣe sí bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ hàn gbangba. Ẹgbẹ́ tó fìdí rẹmi pẹ̀lú 2-0 lájò mọ̀ pé bí òun bá na ọ̀tá náà ní 1-0 nílé, póìntì mẹ́ta ni òun rí, ṣùgbọ́n golaveraje ti lọ. Ó gbọ́dọ̀ fi góòlù mẹ́ta borí kó tó gbà á. Nítorí náà, ẹgbẹ́ tó ti ń borí pẹ̀lú 2-0 ní ìṣẹ́jú 85 ṣì ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń nà, èyí tó ń pàdánù náà sì ń fi gbogbo ara dí ojúlé. Ẹni tí kò mọ òfin yìí yóò máa bi ara rẹ̀ pé kí ni wọ́n tún ń wá.

Kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ohun tí ẹlòmíràn ti gbá kó tó gbá tirẹ̀, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ àwọn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó ṣe pàtàkì ní wákàtí kan náà nígbà tí sáà bá ti fẹ́ parí. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ Reyes yẹn, Barcelona ń na Espanyol ní 2-1, Real Madrid sì ń pàdánù ní Zaragoza pẹ̀lú 2-1. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ nígbà tí eré fẹ́ tán, Ruud van Nistelrooy dá a padà fún Real Madrid, Raúl Tamudo sì dá a padà fún Espanyol ní Camp Nou. Ife ṣípò nínú pápá méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí àṣekágbá ife ẹ̀yẹ kankan tó lè fún ènìyàn nírú rẹ̀.

Èyí tó dunni jù lọ ni ti Deportivo La Coruña ní oṣù Karùn-ún 1994. Wọ́n ń gbá 0-0 pẹ̀lú Valencia nílé, bí wọ́n bá borí, ife àkọ́kọ́ wọn nìyẹn. Wọ́n rí pẹ́náritì nígbà tí àsìkò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Donato, tó máa ń gbá a, ti jáde. Miroslav Đukić gbé e kalẹ̀, José Luis González, aṣọ́lé Valencia, mú un. Deportivo àti Barcelona parí sí 56, Barcelona ló lékè nínú ìpàdé wọn méjèèjì. Deportivo dúró títí di 2000 kí wọ́n tó gba tiwọn, wọ́n sì wà lára ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án péré tó ti gba líìgì náà láti 1929 títí dé òpin sáà 2024-25.

Ní ti Yúróòpù, àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́ ń lọ sí Champions League, ẹni karùn-ún àti ẹni tó gba Copa del Rey, ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Spéìn, ń lọ sí Europa League, ẹni kẹfà ń lọ sí Conference League. Bí ẹni tó gba Copa bá ti ní àyè Champions League tẹ́lẹ̀, àyè náà á sún sísàlẹ̀. Ní 2024-25, Spéìn rí àyè Champions League kan sí i nítorí bí àwọn ẹgbẹ́ wọn ṣe ṣe dáadáa ní Yúróòpù lọ́dún náà, Barcelona sì gba líìgì àti Copa pọ̀. Nítorí náà Villarreal tó ṣe ipò karùn-ún lọ sí Champions League, Betis àti Celta lọ sí Europa, Rayo Vallecano tó ṣe ipò kẹjọ rí Conference.

Nísàlẹ̀ àtẹ, àwọn mẹ́ta tó kẹ́yìn ń já sí Segunda, ìyẹn ìpele kejì. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn sáà yẹn kan náà, Leganés na Valladolid ní 3-0, wọ́n ṣe gbogbo ohun tó wà níkàáwọ́ wọn, ṣùgbọ́n Espanyol na Las Palmas ní 2-0, Espanyol sì parí pẹ̀lú póìntì 42, Leganés pẹ̀lú 40, Leganés ló já. Àwọn tó já ń gba owó ìrànwọ́ nínú owó tẹlifíṣàn kí wọ́n má baà wó lulẹ̀, nítorí owó ìpele kejì kò lè san àdéhùn tí wọ́n ti bá àwọn agbábọ́ọ̀lù ṣe ní ìpele àkọ́kọ́.

Segunda ní ẹgbẹ́ 22. Àwọn méjì àkọ́kọ́ ń gòkè tààrà. Ẹni kẹta dé ẹni kẹfà ń bá ara wọn du àyè kan tó kù, nílé àti lájò, ní oṣù Kẹfà tí àwọn tó wà lókè ti lọ sinmi. Bí góòlù bá dọ́gba lẹ́yìn àfikún àsìkò, kò sí pẹ́náritì àdìjọgbá. Ẹgbẹ́ tó ṣe ipò tó ga jù nínú àtẹ ló borí. Ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù.

Ní 2023, Levante ṣe ipò kẹta pẹ̀lú póìntì 72, Alavés ṣe ìkẹrin pẹ̀lú 71. Àwọn méjèèjì ló wá pàdé ní àṣekágbá. Wọ́n gbá 0-0 ní Vitoria, nílé Alavés. Nílùú Valencia náà, nílé Levante, ìṣẹ́jú 90 parí sí 0-0. Póìntì kan tí Levante fi ju Alavés lọ, tí wọ́n ti rí látọjọ́ pípẹ́, ló fẹ́ gbé wọn gòkè láìgbá góòlù kankan. Àfikún àsìkò náà tán, wọ́n ń ka ìṣẹ́jú tó sọnù, bọ́ọ̀lù kan ọwọ́ agbábọ́ọ̀lù Levante kan, VAR, àwọn rẹfirí tó ń wo fídíò, pe rẹfirí wá wò ó. Asier Villalibre gbá pẹ́náritì náà wọlé ní ìṣẹ́jú 129. Alavés gòkè. Levante padà sí Segunda fún sáà méjì mìíràn, títí tí wọ́n fi ṣe ipò kìíní níbẹ̀ ní 2025, tí wọn kò sì ní bá ẹnikẹ́ni gbá àṣekágbá mọ́.