Bí Wọ́n Ṣe Ń Kọ́ Ajá Láti Máa Fi Ẹni Tí Kò Ríran Mọ̀nà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá rí ẹni tí kò ríran pẹ̀lú ajá rẹ̀ lójú pópó ló máa ń rò pé ajá náà ló mọ ibi tí àwọn méjèèjì ń lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò ríran ló ní àwòrán ọ̀nà lọ́kàn: òun ló mọ iye oríta tí wọn yóò kọjá, òun ló mọ ibi tí wọn yóò ti yà, òun náà ló sì ń pàṣẹ. Iṣẹ́ ti ajá ni láti rí i pé wọ́n rìn láti oríta kan dé èkejì láìkọlu ohunkóhun, kí ó dúró níbi tí ilẹ̀ bá ti ga tàbí tó ti jìn, kí ó sì kọ àṣẹ tó bá lè kó wọn sínú ewu. Lórí bí àwọn méjèèjì ṣe pín iṣẹ́ yìí ni gbogbo ẹ̀kọ́ ajá afinimọ̀nà dúró lé, láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ títí di ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ó pẹ́ tí àwọn tí kò ríran ti ń bá ajá rìn, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ ìgbàlódé àkọ́kọ́ fún iṣẹ́ náà ni èyí tí Dókítà Gerhard Stalling dá sílẹ̀ ní ìlú Oldenburg, ní ilẹ̀ Jámánì, lọ́dún 1916, nítorí àwọn ọmọ ogun tí Ogun Àgbáyé Kìíní ti fọ́ lójú. Lọ́dún 1927, Dorothy Harrison Eustis, obìnrin ará Amẹ́ríkà tó ń sin ajá ní Switzerland, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn ilẹ̀ rẹ̀ nípa irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ tó ṣèbẹ̀wò sí ní Potsdam. Morris Frank, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò ríran ní ìlú Nashville, gbọ́ ohun tó kọ, ó kọ lẹ́tà sí i, ó rin ìrìn àjò lọ sí Switzerland lọ́dún 1928, ó sì mú abo ajá kan tó ń jẹ́ Buddy padà wálé. Nígbà tó di 1929, ilé ẹ̀kọ́ The Seeing Eye ti bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1931, ajá mẹ́rin àkọ́kọ́ parí ẹ̀kọ́ wọn ní Wallasey, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Kì í ṣe gbogbo ajá ló lè ṣe iṣẹ́ yìí. Àwọn irú tí wọ́n ń lò jù lọ ni Labrador, Golden Retriever, àmúlùmálà àwọn méjèèjì, àti German Shepherd, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n máa ń lo Poodle nígbà mìíràn fún ẹni tí ara rẹ̀ kò gba irun ajá. Ajá náà gbọ́dọ̀ ga tó kí ìdìmú tí wọn yóò so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ lè dé ọwọ́ ẹni tó dúró ṣánṣán, kí ó sì má tóbi débi tí kò ní lè ká ara rẹ̀ jọ sábẹ́ ìjókòó bọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ìwà ló ṣe pàtàkì jù. Ajá tí ọpọlọ rẹ̀ yá jù lọ kì í fi dandan jẹ́ èyí tó yẹ jù lọ, nítorí pé ọ̀nà kan náà lójoojúmọ́ lè tètè sú u, kí ó sì máa wá nǹkan mìíràn ṣe. Ohun tí àwọn olùkọ́ ń wá ni ajá tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, tí ariwo kì í dẹ́rù bà, tó fẹ́ràn láti bá ènìyàn ṣiṣẹ́, tí kì í sáré lé ológbò tàbí ẹyẹlé. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ńlá fi ní akọ àti abo tiwọn tí wọ́n ń mú ọmọ lára wọn, kí wọ́n lè mọ ìwà àti ìlera ìdílé tí ajá kọ̀ọ̀kan ti wá.

Nígbà tí ọmọ ajá bá tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 8, wọn yóò gbé e fún ìdílé kan tó yọ̀ǹda láti tọ́ ọ fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdílé yìí kì í kọ́ ọ ní bí a ṣe ń fini mọ̀nà rárá. Iṣẹ́ tiwọn ni kí ayé má ṣe ya ajá náà lẹ́nu mọ́. Wọ́n ń mú un wọ bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú irin, wọ́n ń mú un gun àtẹ̀gùn, wọ́n ń mú un rìn lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀ àti láàárín èrò. Wọ́n ń kọ́ ọ láti dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ nígbà tí àwọn ènìyàn ń jẹun, kí ó má fò mọ́ àlejò, kí ó sì fojú fo oúnjẹ tó bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ kan wà tí ọkàn ènìyàn kì í tètè lọ síbẹ̀: wọ́n ń kọ́ ọ láti máa tọ̀ àti láti máa yàgbẹ́ nígbà tí wọ́n bá sọ ọ̀rọ̀ kan pàtó fún un, níbi tí wọ́n bá mú un dé. Ẹni tí kò ríran ni yóò máa kó ìgbẹ́ náà, kò sì lè máa wá a kiri. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí, ìdílé náà yóò dá ajá padà, èyí tó sì máa ń le fún wọn ju títọ́ rẹ̀ lọ.

Bí ajá bá padà sí ilé ẹ̀kọ́, wọn yóò ya àwòrán egungun ìbàdí rẹ̀, wọn yóò sì yẹ ojú rẹ̀ wò, nítorí kò sí èrè nínú kíkọ́ ajá tí oríkèé rẹ̀ yóò máa dùn ún kó tó ṣiṣẹ́ jìnnà. Ẹ̀kọ́ gan-an máa ń gba oṣù mélòó kan, ohun àkọ́kọ́ inú rẹ̀ sì lòdì sí ohun tí a ń kọ́ ajá ilé. Ajá ilé ni a ń kọ́ pé kí ó má fa okùn; ajá afinimọ̀nà ni a ń kọ́ pé kí ó máa ṣáájú díẹ̀ ní apá òsì, kí ó sì máa fà ní ìwọ̀nba. Ọ̀já kan ni wọ́n ń dè yí àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀ ká, ìdìmú líle kan sì yọ láti ara ọ̀já náà wá sí ọwọ́ ẹni tó ń tẹ̀ lé e. Nítorí pé ìdìmú yìí kì í ká bí okùn, gbogbo bí ara ajá ṣe ń yí ló ń dé ọwọ́: bí ó bá dẹ ìrìn, bí ó bá yà fún nǹkan, bí èjìká rẹ̀ bá gòkè níbi àtẹ̀gùn, ẹni tó dì í mú yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ajá kò bá fà rárá, ìdìmú kò ní sọ ohunkóhun fún un.

Lẹ́yìn èyí ni dídúró ní etí títì àti níbi àtẹ̀gùn. Olùkọ́ yóò bá ajá rìn dé etí títì, yóò dúró, yóò fi ẹsẹ̀ kan etí náà, yóò sì fún un ní oúnjẹ díẹ̀. Wọn yóò ṣe é léraléra ní òpópónà oríṣiríṣi, títí ajá yóò fi máa dúró fúnra rẹ̀. Láyé àtijọ́, fífa okùn gìrì nígbà tí ajá bá ṣe àṣìṣe ni ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ti gbára lé oúnjẹ àti ìyìn, àwọn mìíràn sì ń lo ohun èlò kékeré kan tó ń ró ní àkókò náà gan-an tí ajá ṣe ohun tó tọ́, kí ó lè mọ ohun tí wọ́n torí rẹ̀ fún un lóúnjẹ.

Àwọn ohun ìdènà ló gba ọgbọ́n jù. Kò sí ajá tí a ń kọ́ kí ó tó lè yẹra fún òpó tó wà níwájú rẹ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni pé àyè tó gba òun lè má gba ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, àti pé ẹ̀ka igi tí òun lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láìtẹ̀ba yóò gbá ẹni náà lójú. Kò sí ohun tó ń mú ajá wo òkè nígbà tó ń rìn, nítorí pé kò sí ohun tó máa ń kọ lù ú láti òkè. Nítorí náà, olùkọ́ a gbé ọ̀pá dábùú ọ̀nà ní ìwọ̀n àyà ènìyàn. Bí ajá bá gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, olùkọ́ yóò dúró lójijì, yóò fi ọwọ́ gbá ọ̀pá náà kí ó dún, yóò dá ajá padà, wọn yóò sì tún un rìn. Bí ajá bá yí i ká tàbí tó dúró, ìyìn àti oúnjẹ ti dé. Díẹ̀díẹ̀ ni ajá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ka gíga àti fífẹ̀ ẹni tó wà ní ọ̀tún rẹ̀ mọ́ ara tirẹ̀. Ìgbà tí èyí bá ti yé e ni a tó lè sọ pé ó ń fini mọ̀nà.

Wọ́n sábà máa ń sọ pé ajá wọ̀nyí mọ ìtumọ̀ iná tó ń darí ọkọ̀. Irọ́ ni, ojú ajá kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín pupa àti àwọ̀ ewé. Ẹni tí kò ríran ló ń tẹ́tí sí ọkọ̀: bí àwọn tí wọ́n ń gba iwájú rẹ̀ kọjá bá dúró, tí àwọn tí wọ́n dojú kọ ibi tí òun náà dojú kọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ó mọ̀ pé àkókò tó, yóò sì pàṣẹ pé kí wọ́n tẹ̀ síwájú. Ṣùgbọ́n etí lè tan ni jẹ, pàápàá nísinsìnyí tí ọkọ̀ oníná mànàmáná kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dún. Níbẹ̀ ni ìkọ̀jálẹ̀ ajá ti wúlò. Àwọn olùkọ́ ń ṣètò kí ẹlẹgbẹ́ wọn kan máa wakọ̀ bọ̀ wá gba iwájú ajá kọjá lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pàṣẹ fún un láti kọjá. Lákọ̀ọ́kọ́, ajá yóò gbọ́ràn, olùkọ́ yóò sì fi hàn án kíákíá pé kí ó fà sẹ́yìn. Nígbà tó bá yá, yóò dúró gbọin fúnra rẹ̀ bí ó ti rí ọkọ̀ náà. Bákan náà ni wọ́n ń ṣe ní etí ibi tí èrò ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin. A kò lè kọ́kọ́ fi èyí kọ́ ọ, nítorí pé ajá tí kò tíì mọ bí a ti ń gbọ́ràn láìṣiyèméjì yóò máa kọ àṣẹ nítorí ọ̀lẹ, ẹni tó ń bá rìn kò sì ní mọ èwo ni ewu.

Kí wọ́n tó gbà pé ajá ti yege, olùkọ́ yóò fi aṣọ di ojú ara rẹ̀, yóò sì bá a rìn ní ìgboro, olùkọ́ mìíràn yóò sì máa tẹ̀ lé wọn. Àwọn tí kò bá yege máa ń rí iṣẹ́ mìíràn, irú bíi fífi imú wá nǹkan fún àwọn agbófinró, tàbí kí wọ́n di ajá ilé.

Síso ajá àti ènìyàn pọ̀ ni apá tí àwọn ará ìta kò mọ̀ rárá. Wọ́n ń wọn ìyára ìrìn ẹni náà, gíga rẹ̀, agbára ọwọ́ rẹ̀, irú ìgboro tó ń gbé, àti bóyá ó máa ń jáde lójoojúmọ́, nítorí pé ajá tí kò bá ṣiṣẹ́ déédéé yóò gbàgbé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn méjèèjì yóò jọ kẹ́kọ̀ọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Ẹni náà ti gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń fi ọ̀pá funfun rìn dáadáa kó tó wá, nítorí pé ajá kì í dípò ìmọ̀ ọ̀nà. Ohun kan tiẹ̀ wà tí ọ̀pá fi dára jù ú lọ: ọ̀pá a máa kan òpó àti ògiri, yóò sì jẹ́ kí ẹni tó mú un mọ ibi tó dé, ṣùgbọ́n ajá yóò yà fún òpó náà, kò sì ní jẹ́ kí ó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ rí. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi fẹ́ràn ọ̀pá wọn, tí ìpinnu wọn kò sì burú. Ohun tó ṣòro jù fún àwọn tó yan ajá ni láti gbà nígbà tí ajá bá kọ àṣẹ, kí wọ́n má ṣe tì í síwájú, kí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tàbí etí wádìí ohun tó rí.

Láti ìgbà yẹn lọ, àwọn ará ìta ló kù tó lè ba iṣẹ́ náà jẹ́. Ẹni tó bá fọwọ́ pa ajá náà lórí, tó pè é, tàbí tó fún un ní oúnjẹ nígbà tí ọ̀já wà lára rẹ̀ ti mú ojú rẹ̀ kúrò lọ́nà. Bí a bá fẹ́ ran ẹni tí kò ríran lọ́wọ́, òun ni kí a bá sọ̀rọ̀, kí a má ṣe di ọ̀já tàbí okùn ajá rẹ̀ mú. Bí wọ́n bá tú ọ̀já náà nílé, ajá mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí, yóò sì máa ṣeré bí ajá yòókù.

Ọ̀pọ̀ wọn máa ń fẹ̀yìntì nígbà tí wọ́n bá tó nǹkan bí ọmọ ọdún 8 sí 10, bí ìrìn wọn bá ti ń fà tàbí tí wọ́n ti ń lọ́ra níbi àtẹ̀gùn. Ajá náà lè máa gbé lọ́dọ̀ ẹni tó bá ṣiṣẹ́, ó sì lè padà sọ́dọ̀ ìdílé tó tọ́ ọ. Ẹni tó bá fẹ́ òmíràn yóò padà sí ilé ẹ̀kọ́, wọn yóò sì tún wọn ìyára ìrìn rẹ̀, nítorí ó ṣeé ṣe kí òun náà má rìn kíákíá mọ́ bíi ti ìgbà tó gba àkọ́kọ́.