Bí Ìtọ́jú Eléré Ìdárayá Ṣe Di Ẹ̀kọ́ Tí Wọ́n Ń Kọ́ ní Yunifásítì

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ di olùtọ́jú eléré ìdárayá ní Amẹ́ríkà lónìí gbọ́dọ̀ kàwé gba oyè kejì ní yunifásítì kí wọ́n tó gbà á láyè láti ṣe ìdánwò ìwé ẹ̀rí. Kó tó dé ìdí ìdánwò náà, yóò ti mọ eegun àti iṣan lórúkọ, yóò ti mọ bí wọ́n ṣe ń di ọrùn ẹsẹ̀ tó rọ́, bí wọ́n ṣe ń dá eléré tí oòrùn ti mú mọ̀, àti ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe bí ọkàn ẹnìkan bá dédé dáwọ́ iṣẹ́ dúró lórí pápá. Gbogbo ẹ̀kọ́ yìí ló ní ìtàn, púpọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé ẹ̀yìn ìgbà tí eléré ti fara pa tàbí tí ó ti kú ni àwọn àgbà tó rí i pé ó yẹ kí àwọn máa kọ́ ọmọ lẹ́yìn àwọn.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti pẹ́ láyé. Ní nǹkan bí ọdún 157 lẹ́yìn ìbí Jésù, wọ́n fi Galen, oníṣègùn ará Pergamon, ṣe olùtọ́jú àwọn tó ń fi idà jà fún ìran wíwò, inú ọgbẹ́ tí wọ́n ń gbé wá bá a ló sì ti mọ ọ̀pọ̀ nǹkan nípa ohun tó wà lábẹ́ awọ ara ènìyàn. Nílẹ̀ Yorùbá náà, àwọn tó ń to eegun ti wà láti ayé àwọn baba ńlá wa, ọwọ́ baba ni ọmọ sì ti ń kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí à ń wí yìí, èyí tó ní ìwé, ìdánwò àti ẹgbẹ́ tirẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ló ti gbòde.

Ní ọdún 1881, Yunifásítì Harvard gba ọkùnrin kan tó ń jẹ́ James Robinson síṣẹ́ láti máa mú ara àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn le. Òun ni ọ̀pọ̀ òpìtàn iṣẹ́ yìí kà sí ẹni àkọ́kọ́. Àwọn tó tẹ̀lé e kì í ṣe dókítà: omi àti garawa, òróró ìfipara, aṣọ ìnura àti ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n wọ́ ni irinṣẹ́ wọn. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá nígbà náà, èyí tí wọ́n ń gbé mọ́ra sáré tí àwọn ẹlòmíràn sì ń já lu ẹni tó gbé e, le púpọ̀, wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ohun ààbò. Ní ọdún 1905 nìkan, ìwé ìròyìn ka ikú méjìdínlógún, débi pé Ààrẹ Theodore Roosevelt pe àwọn aṣojú Harvard, Yale àti Princeton sí White House ní oṣù kẹwàá ọdún náà pé kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí i. Ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1906 láti tún òfin eré náà ṣe ni ó yí orúkọ padà ní 1910 sí NCAA, ẹgbẹ́ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. Ohun tí mo kà sí pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ ọdún náà ni iṣẹ́ tí Edward Nichols, dókítà oníṣẹ́ abẹ tó ń tọ́jú àwọn agbábọ́ọ̀lù Harvard, ṣe pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀. Wọ́n kọ gbogbo ìfarapa sáà 1905 sílẹ̀, ó jẹ́ 145, wọ́n sì rí i pé ìdíje méjì péré ni kò sí ẹni tí orí rẹ̀ gbá débi tí ọpọlọ rẹ̀ fi mì. Ṣáájú èyí, ohun tí olùtọ́jú kọ̀ọ̀kan rí lórí pápá máa ń kú sínú rẹ̀ ni. Láti ìgbà tí ẹnìkan ti kọ ọ́ sílẹ̀, ó di ohun tí ẹlòmíràn lè kà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ọrùn ẹsẹ̀. Ní 1895, Virgil Gibney, dókítà eegun kan ní New York, kọ̀wé nípa bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́ ṣe lè máa rìn láìfi ọ̀pá ìkẹ́sẹ̀ sí abíyá. Plásítà tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń lò. Wọ́n á lẹ ọ̀kan láti apá kan ojúgun gba abẹ́ gìgísẹ̀ bọ́ sí apá kejì, wọ́n á lẹ òmíràn gba ẹ̀yìn gìgísẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹsẹ̀, wọ́n á sì máa lẹ̀ wọ́n lé ara wọn báyìí ní ìbú àti ní òró, bí ẹní ń hun apẹ̀rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́, wọ́n á fi iwájú rẹ̀ sílẹ̀ láìlẹ̀ ẹ́, kí ó lè rí àyè wú. Àwọn olùtọ́jú gba ọgbọ́n yìí lọ́wọ́ àwọn dókítà, wọ́n ń tún un ṣe láti ìran dé ìran, títí di òní olónìí sì ni akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ ọ lára ẹsẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ eléré.

Ẹni tó kó irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ sínú ìwé fún àwọn olùtọ́jú ni Samuel Bilik, tó ń ṣiṣẹ́ yìí ní Yunifásítì Illinois nígbà tí ó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà lọ́wọ́. Ìwé tó gbé jáde ní nǹkan bí ọdún 1917 ni àwọn ènìyàn wá ń pè ní Bíbélì àwọn olùtọ́jú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Charles Cramer àti Frank àbúrò rẹ̀ ní ìlú Gardner, ní ìpínlẹ̀ Kansas. Charles, tó jẹ́ apòògùn, ti fẹsẹ̀ rọ́ rí nígbà tó ń sáré ní yunifásítì, ó sì po òróró ìfipara fún ara rẹ̀; láti inú òróró náà ni ilé-iṣẹ́ wọn ti jáde. Ọjà ni wọ́n ń tà, ó yé gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n láàárín ọdún 1930 sí 1939 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé àtìgbàdégbà, wọ́n sì ń ṣètò ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé girama tó fẹ́ mọ iṣẹ́ náà. Ọmọ tó wà ní abúlé tí kò ní dókítà lè tipa bẹ́ẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń di ìfarapa. Mo gbà pé wọ́n ṣe iṣẹ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ kankan kò tíì ṣe nígbà náà.

Àwọn olùtọ́jú gbìyànjú láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1938, ogun àgbáyé kejì sì tú u ká ní 1944. Ní oṣù kẹfà ọdún 1950, wọ́n tún pàdé ní Kansas City, èyí ló sì fìdí múlẹ̀ tó di NATA, ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú eléré ìdárayá ní gbogbo Amẹ́ríkà. Owó àwọn Cramer wà lára ohun tó gbé e ró. William Newell, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Pinky, láti Yunifásítì Purdue, ló wá fi ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀. Ètò ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí ní 1959 gba akẹ́kọ̀ọ́ níyànjú láti di olùkọ́ pẹ̀lú, kí ilé-ìwé girama lè rí ìdí tí yóò fi gbà á síṣẹ́. Ọdún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí ètò ẹ̀kọ́ àwọn yunifásítì mẹ́rin kan, àwọn ni Mankato State, Indiana State, Lamar àti New Mexico. Ìdánwò ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ wáyé ní Waco, ní Texas, ní 1970, obìnrin kan, Sherry Kosek Babagian, sì yege nínú rẹ̀ ní 1972. Ní 1990, ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà kà wọ́n mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera.

Ọ̀rọ̀ omi yẹ kí n dúró lé lórí, nítorí ó pa ènìyàn púpọ̀. Ọ̀pọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá àtijọ́ gbà pé ọmọ tó bá mu omi lásìkò ìgbáradì kò ní lágbára, wọ́n sì ń fi òùngbẹ kọ́ wọn ní ìfaradà. Ní 1965, ní Yunifásítì Florida, igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá kan tó ń jẹ́ Dwayne Douglas bi Robert Cade, dókítà kíndìnrín, léèrè ìdí tí àwọn ọmọ òun kì í fi í tọ̀ bí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù. Cade wò ó, ó sì rí i pé gbogbo omi ara wọn ti bá òógùn lọ, iyọ̀ sì bá a lọ. Ó po omi, iyọ̀ àti ṣúgà pọ̀. Kò dùn lẹ́nu, ìyàwó rẹ̀ sì ní kí ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Bí Gatorade ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀kọ́ kan ṣe bẹ̀rẹ̀, nítorí pé lẹ́yìn rẹ̀, kò sí olùtọ́jú tó kàwé tó lè sọ pé òùngbẹ ń fúnni lágbára.

Yìnyín náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1978, dókítà kan tó ń jẹ́ Gabe Mirkin kọ ọ́ sínú ìwé pé kí ẹni tó fara pa sinmi, kí ó fi yìnyín sí i, kí ó dì í, kí ó sì gbé ibẹ̀ sókè. Gbogbo ayé sì gbà á. Ní nǹkan bí ọdún 2014, Mirkin fúnra rẹ̀ jáde wá sọ pé ó jọ pé yìnyín lè dá ìwòsàn dúró, torí wíwú tó ń dín kù náà wà lára ohun tí ara fi ń tún ara rẹ̀ ṣe. Yìnyín ṣì ń dín ìrora kù, wọ́n sì ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀rọ̀ náà báyìí. Mo bọlá fún dókítà tó lè jáde ní gbangba tún ọ̀rọ̀ tó sọ ọ́ di olókìkí sọ.

Ní Nàìjíríà, ẹnu ọ̀nà físíò, ìyẹn ìtọ́jú tí wọ́n ń fi ara wíwọ́ àti ìdárayá ṣe, ni irú ẹ̀kọ́ yìí gbà wọlé: ilé ìwòsàn eegun tó bẹ̀rẹ̀ ní Igbobi ní 1945, àti Yunifásítì Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè nínú físíò ní 1966. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà dun gbogbo wa dénú ni ọjọ́ kejìlá oṣù kẹjọ ọdún 1989, nígbà tí Samuel Okwaraji ṣubú ní ìṣẹ́jú kẹtàdínlọ́gọ́rin ìdíje Nàìjíríà pẹ̀lú Àǹgólà ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè. Ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni, amòfin sì ni pẹ̀lú. Àyẹ̀wò fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi jù, ó sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà, Marc-Vivien Foé ti Kamẹrúùnù ṣubú bákan náà ní Lyon. Nígbà tí Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2006 fi máa bẹ̀rẹ̀, FIFA ti gbé ètò kalẹ̀ pé kí wọ́n máa yẹ ọkàn àwọn agbábọ́ọ̀lù wò ṣáájú ìdíje. Ẹ̀kọ́ kejì tó tẹ̀lé e ni ti ẹni tó wà létí pápá: bí eléré bá ṣubú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kàn án, tí kò sì dáhùn, kí ó kà á sí ọ̀rọ̀ ọkàn, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà rẹ̀, kí wọ́n sì gbé ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná jí ọkàn wá.

Ní ọjọ́ kejì oṣù kìíní ọdún 2023, ní Cincinnati, Damar Hamlin ti Buffalo Bills, ẹgbẹ́ kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí wọ́n ń gbé sáré, fi àyà gba ìkọlù, ó dìde, ó sì tún ṣubú. Denny Kellington, igbákejì olùtọ́jú eléré ẹgbẹ́ náà, ló tẹ àyà rẹ̀ lórí pápá kí wọ́n tó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Kí ọdún yẹn tó parí, Hamlin padà sí pápá.