Bí Linear Programming Ṣe Di Ẹ̀kọ́: Láti Leningrad dé Yàbá àti Akọ́kà

Ní ọdún 1938, àwọn òṣìṣẹ́ àjọ kan tó ń ṣe páláìwúùdù ní Leningrad, ní Soviet Union, tọ Leonid Kantorovich lọ, ọ̀dọ́ onímọ̀ ìṣirò tí ọjọ́ orí rẹ̀ jẹ́ 26, pé kó bá wọn wá ojútùú sí ọ̀rọ̀ kan tó ti sú wọn. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bó igi pọ̀, irú igi tó ń wọlé pọ̀, ẹ̀rọ kan kì í sì í yá bákan náà lórí gbogbo igi. Igi wo ni kí wọ́n gbé sórí ẹ̀rọ wo, fún àkókò mélòó, kí iṣẹ́ tó ń jáde lè pọ̀ tó bó ti lè pọ̀ tó, síbẹ̀ kí ìwọ̀n tí wọ́n ní láti ṣe nínú irú kọ̀ọ̀kan má yẹ̀? Ẹni tó bá ti rìn dé Òkò Baba ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, tó ti rí bí àwọn alágbàṣe ṣe ń la igi létí ọ̀sà, yóò mọ̀ pé ìbéèrè oníṣẹ́ ọwọ́ ni èyí, kì í ṣe ti inú ìwé.

Irú ìbéèrè yìí, bí a ṣe lè pín ohun èlò tí kò pọ̀ kí èrè tàbí iṣẹ́ lè pọ̀ jù, ni a wá ń pè ní linear programming. Ohun tí Kantorovich ṣe lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kí àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní Èkó lónìí fiyè sí. Kò bẹ̀rẹ̀ láti ibi pé kí a wá ètò tó dára jù lọ lẹ́sẹ̀ kan náà. Ó kọ́kọ́ fún ohun kọ̀ọ̀kan tó wọ́n nínú iṣẹ́ náà ní nọ́ńbà kan, nọ́ńbà tó ń sọ bí ohun náà ti ṣe iyebíye tó fún ètò tó wà nílẹ̀, ó sì ń tún àwọn nọ́ńbà náà ṣe títí ètò tó dára jù fi hàn fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1939, ó tẹ iṣẹ́ yìí jáde nínú ìwé pẹlẹbẹ kan lórí bí a ṣe lè fi ìṣirò ṣètò ìpèsè ọjà. Ṣùgbọ́n ní ìlú tí ìjọba ti gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn nìkan ló ń sọ ohun di olówó iyebíye, ọ̀rọ̀ pé ẹ̀rọ àti igi ní iye tiwọn kò dùn létí àwọn aláṣẹ, ìyẹn sì wà lára ohun tó dá ẹ̀kọ́ náà dúró. Ọdún 1960 ni ìwé náà tó jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Kí ọdún yẹn tó pé, àwọn ará Amẹ́ríkà ti gba ọ̀nà tiwọn débẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Tjalling Koopmans ń ṣírò bí ọkọ̀ òkun ṣe lè kẹ́rù láti èbúté kan sí òmíràn láìfi àkókò ṣòfò. Lẹ́yìn ogun, George Dantzig, tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀ka ọmọ ogun òfuurufú, rí ọ̀nà ìṣirò tí à ń pè ní simplex ní ọdún 1947. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá ọdún náà, ó lọ bá John von Neumann ní Princeton láti ṣàlàyé ohun tó ń ṣe. Kò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà tí àgbà onímọ̀ náà fi gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, tó sì fi ohun tó lé ní wákàtí kan ṣàlàyé fún un pé gbogbo irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ló ní ìkejì tó bá a rìn: bí èkínní bá ń wá èrè tó pọ̀ jù, èkejì ń wá iye tí ohun èlò kọ̀ọ̀kan tọ́ sí, ìdáhùn méjèèjì sì máa ń bá ara wọn dọ́gba. Àwọn nọ́ńbà Kantorovich tún ti dé láti ẹnu ẹlòmíràn.

Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dán simplex wò lórí ìbéèrè oúnjẹ kan tí George Stigler ti gbé jáde ní ọdún 1945: nínú irú oúnjẹ 77, èwo ni ènìyàn lè máa jẹ kí èròjà aṣaralóore 9 lè pé, kí owó rẹ̀ sì kéré jù lọ? Stigler ti fi ìfòyemọ̀ dé orí dọ́là 39.93 fún ọdún kan. Akọ̀wé mẹ́sàn-án jókòó ti ẹ̀rọ ìṣirò tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí, iṣẹ́ tí bí ẹnì kan bá dá a ṣe ìbá gbà tó 120 ọjọ́, wọ́n sì rí i pé ìdáhùn gan-an jẹ́ dọ́là 39.69. Ìyàtọ̀ náà kéré, àmọ́ ọ̀nà tí wọ́n gbà rí i ti di ohun tí a lè kọ́ ẹlòmíràn.

Ìpàdé kan ní Chicago ní ọdún 1949 ló kó àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé àti onímọ̀ ìṣirò jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Abraham Charnes àti William Cooper, tí wọ́n ń kọ́ni ní Carnegie ní Pittsburgh, bá ilé-iṣẹ́ ìfọpo kan ṣe ètò bí wọ́n ṣe ń po epo ọkọ̀ òfuurufú pọ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1952 pẹ̀lú ẹnì kẹta tó ń jẹ́ Mellon. Láti ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà ti wọ ilé ẹ̀kọ́ òwò. Ní ọdún 1954, Thomas Saaty àti Saul Gass kọ̀wé lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ìdáhùn nígbà tí èrè orí ọjà bá ń yí díẹ̀díẹ̀, èyí tó jẹ́ ọ̀kan lára gbòǹgbò ohun tí à ń pè ní sensitivity analysis. Síbẹ̀, nínú ìwé ìkọ́ni, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n fi apá yìí sí, lẹ́yìn gíráàfù, lẹ́yìn tábìlì simplex.

Ètò yẹn náà ló tẹ̀ wá lọ́wọ́. Yaba College of Technology bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1947, ọdún kan náà pẹ̀lú simplex. Yunifásítì Èkó ní Akọ́kà tẹ̀ lé e ní ọdún 1962, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ òwò sì wà lára àwọn ẹ̀ka mẹ́ta tó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́ ìṣàkóso òwò, ìṣirò owó tàbí ìmọ̀ ẹ̀rọ nírú àwọn ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí mọ bí ó ṣe ń lọ: akẹ́kọ̀ọ́ á fa ìlà lórí ìwé gíráàfù, á kun apá tí ètò lè gbà, á dán igun kọ̀ọ̀kan wò, á kọ ìdáhùn. Bí sáà ẹ̀kọ́ bá ti ń parí lọ, sensitivity analysis ni ó sábà máa ń di ohun tí a sáré kà kọjá. Ó ń dùn mí, nítorí pé apá náà gan-an ni oníṣẹ́ Èkó nílò jù.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé búrẹ́dì kan ní Bàrígà. Ìyá tó ni ín ń ṣe búrẹ́dì ńlá àti kékeré. Ìyípo kan ti ńlá ń gba àpò fúláwà 2 àti wákàtí 1 nínú ààrò, ó sì ń mú èrè ₦10,000 wá lẹ́yìn gbogbo ìnáwó. Ìyípo kan ti kékeré ń gba àpò 1 àti wákàtí 1, èrè rẹ̀ sì jẹ́ ₦6,000. Àpò 16 ló ní lóòjọ́, ààrò rẹ̀ kò sì lè ṣiṣẹ́ ju wákàtí 10 lọ. Ìdáhùn rẹ̀ ni ìyípo 6 ti ńlá àti 4 ti kékeré, èrè ₦84,000. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kíláàsì ti ń dúró.

Ṣùgbọ́n ohun tí ìyá náà yóò bi wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì yàtọ̀. Ẹnì kan fẹ́ ta àpò fúláwà kan sí i fún un ju iye tó ń rà á tẹ́lẹ̀. Ṣé kó gbà? Pẹ̀lú àpò 17, ìyípo 7 ti ńlá àti 3 ti kékeré yóò mú ₦88,000 wá, nítorí náà ohun tí àwọn olùkọ́ ń pè ní shadow price àpò fúláwà jẹ́ ₦4,000. Bí àfikún tí ẹni náà ń béèrè lórí iye àtẹ̀yìnwá kò bá tó bẹ́ẹ̀, kó rà á. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, kó fi sílẹ̀. Ìdáhùn yìí dúró títí dé àpò 20, lẹ́yìn èyí ààrò ti kún, fúláwà tó bá lé kò ní wúlò fún un. Wákàtí kan sí i nínú ààrò tọ́ sí ₦2,000 ní tirẹ̀, ìyẹn ni òṣùwọ̀n tí yóò fi wo dísù tó wọ́n lálẹ́. Bí èrè orí kékeré bá sì wálẹ̀ débi tí kò tó ₦5,000 mọ́, ńlá nìkan ló yẹ kó máa ṣe, kó tilẹ̀ jẹ́ pé ààrò yóò wà lófo fún wákàtí 2.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 tí Solver, irinṣẹ́ tó ń wá irú ìdáhùn báyìí, ti wọ inú Excel, kọ̀ǹpútà ti ń tẹ gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyí jáde nínú ìròyìn kan ṣoṣo, iye tí ó lè pọ̀ sí i àti iye tí ó lè dín kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Iṣẹ́ olùkọ́ ti di kíkọ́ ènìyàn bí a ṣe ń kà á. Ohun kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣì kà níbẹ̀: ìròyìn náà gbà pé nǹkan kan ṣoṣo ló yí, ìyókù sì dúró. Ní Èkó, bí náírà bá wálẹ̀, fúláwà, ṣúgà àti dísù á jọ gbówó lórí. Ká ní èrè orí ńlá wálẹ̀ pẹ̀lú ₦3,000, nígbà tí ìròyìn fàyè gba ₦4,000, ti kékeré sì wálẹ̀ pẹ̀lú ₦500, nígbà tí ó fàyè gba ₦1,000. Ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún àti ìdá 50 papọ̀ di 125. Òfin tí a ń kọ́ wọn ni pé bí àpapọ̀ náà kò bá ju 100 lọ, ètò àtijọ́ ṣì dára jù. Ọ̀pọ̀ á wá sọ pé ètò ti bàjẹ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ òfin náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Kò ṣèlérí kankan ni lẹ́yìn 100. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: pẹ̀lú ₦7,000 àti ₦5,500, ìyípo 6 àti 4 ṣì ń mú ₦64,000 wá, ńlá nìkan ń mú ₦56,000, kékeré nìkan ₦55,000. Ètò ìyá oníbúrẹ́dì kò yí, èrè rẹ̀ nìkan ló dín.