Ẹ Gbé Ìgbẹ́ Wá Kí Ẹ Tó Gbé Oògùn Mì

Lọ́sẹ̀ yìí nìkan, èèyàn mẹ́rin ló gbé ìgbẹ́ àná wá bá mi ní láàbù. Ọ̀kan dì í sínú ọ̀rá, òmíràn kó o sínú ike ìpara. Gbogbo wọn ló ti lo Flagyl àti tẹtirasáíkílì kí wọ́n tó rántí pé àyẹ̀wò wà. Bẹ́ẹ̀ oògùn tí ẹ ti mì lè bo kòkòrò mọ́lẹ̀, kí àyẹ̀wò má rí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ìgbẹ́ kì í dúró deni. Kòkòrò Shigella tó ń fa ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tètè ń kú bí ìgbẹ́ bá ti pẹ́ nílẹ̀, nítorí ó máa ń kan. Wákàtí méjì ni gbèdéke wa. Bí ọ̀nà bá jìn, ẹ wá gba ìgò Cary-Blair lọ́wọ́ wa. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í jẹ́ kí kòkòrò kú sọ́nà. Ọṣẹ kò gbọdọ̀ ṣẹ́kù nínú ike tí ẹ ó lò, ìtọ̀ kò sì gbọdọ̀ kàn án. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ tàbí ikun bá wà ni kí ẹ bù.

Wọ́n máa ń bi mí pé kí ló dé tí èsì fi ń tó ọjọ́ mẹ́ta. Gbígbìn là ń gbin ìgbẹ́! Yóò sùn mọ́jú nínú ẹ̀rọ tó gbóná bí ara èèyàn. Lórí MacConkey, ọ̀kan lára oúnjẹ tí a ń gbin kòkòrò lé, E. coli á pọ́n, Shigella àti Salmonella ò ní láwọ̀. Bá a bá fura sí onígbá-méjì, oúnjẹ mìíràn tó ń jẹ́ TCBS la máa lò, kòkòrò rẹ̀ á sì yọ yẹ́lò. Lẹ́yìn náà la ó wá dán oògùn wò lórí wọn. Ọdún márùn-ún ni mo fi kọ́ iṣẹ́ yìí ní yunifásítì. Ẹni tó gún yín níka lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́míìsì, tó ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Widal, tó ní táífọ́ọ̀dù ni, kò tiẹ̀ rí ìgbẹ́ yín sójú. Ẹ̀jẹ̀ ló wò.

Bó bá jẹ́ pé omi bí omi ìṣanrẹ́sì lẹ ń ṣu, ẹ má dúró de èmi. Ọsibítù tààrà, kí ẹ sì máa mu ORS lọ.

Èyí tó ń dùn mí jù ni "eyín ló ń hù." Eyín kì í fa ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Ìyá kan gbé ọmọ oṣù mẹ́sàn-án wá, ó ti di ọjọ́ karùn-ún tó ń ṣu ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ti fún un ní àgbo, wọ́n ti fún un ní Flagyl àti Ampiclox. Mo gbin ìgbẹ́ náà, kòkòrò kankan ò hù, mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà gba ìwé náà: "Ṣé ẹ rí i? Mo ní eyín ni." Wọ́n gbé ọmọ padà sílé. Ìwé mi ni wọ́n fi gbè sẹ́yìn eyín.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì wọ́n gbé e padà dé, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, àwùjẹ̀ rẹ̀ ti wọlé, ó ń sunkún láìsí omijé. Bí dókítà ṣe ń fa omi sí i lára ló tún ṣu. Mo bù ú níbẹ̀ lóòyẹ̀, mo gbìn ín. Shigella hù, Ampiclox kò sì ràn án rárá.

Ọmọ náà yè. Láti ìgbà náà, òkè èsì ni mo máa ń kọ gbogbo oògùn tí aláìsàn ti lò sí, kí ẹnikẹ́ni má fi ìwé mi gbé ọmọ padà sílé mọ́. Tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ mú páálí oògùn náà dání.