Bí Ìkómọ́ra Ṣe Ń Dènà Ìfòòró Láàárín Ọmọdé

Ìfòòró láàárín ọmọ ilé-ìwé kì í sábà ti orí ẹ̀ṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ní pápá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, láti Kàbà títí dé Ìsánlú ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń pín ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù: ọmọ méjì tó mọ̀ ọ́n gbá á bọ́ síwájú, wọ́n á máa mú ẹni tó wù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi ku ẹnì kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò pè. Ó lè jẹ́ akólòlò, ó sì lè jẹ́ ọmọ àlejò tí kò tíì gbọ́ èdè ìlú dáadáa. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ lónìí, tó tún rí bẹ́ẹ̀ lọ́la, gbogbo kíláàsì á ti mọ ẹni tí kò ní olùgbèjà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ gan-an sì ni ẹni tó ń wá ọmọ tí yóò fìyà jẹ máa kọ́kọ́ yà sí.

Dan Olweus, tó ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ yìí ní Norway fún ọ̀pọ̀ ọdún, fi ohun mẹ́ta ya ìfòòró sọ́tọ̀ kúrò lára ìjà lásán: wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, wọ́n ń ṣe é léraléra, agbára ẹni tó ń ṣe é sì ju ti ẹni tí wọ́n ń ṣe é sí lọ. Iye ọ̀rẹ́ tí ọmọ ní wà lára agbára yìí, ibẹ̀ sì ni ìkómọ́ra, ìyẹn kíkó gbogbo ọmọ mọ́ra láìyọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ti ń ṣiṣẹ́: ọmọ tó lẹ́gbẹ́ ṣòro í fòòró.

Àwọn òǹwòran ni ó yẹ kí a kọ́ jù. Àwọn onímọ̀ kan ní Kánádà fi kámẹ́rà ya ìṣeré ọmọdé nílé-ìwé, èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2001 sì fi hàn pé bí ọmọ kan lára àwọn tó ń wòran bá dá sí i, ó ju ìdajì ìgbà lọ tí ìfòòró náà ń dáwọ́ dúró kí ìṣẹ́jú-àáyá 10 tó pé. Dídá sí i kò gba ìjà. Kí ọmọ fa ọwọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó ní “Wá, jẹ́ ká lọ,” tó, ṣùgbọ́n ó yẹ kí tíṣà ti mú wọn fi í ṣeré nínú kíláàsì ṣáájú, torí ẹ̀rù kì í jẹ́ kí ọmọdé rántí ohun tí kò tíì ṣe rí.

Bọ́ọ̀lù náà, kí tíṣà máa ka ení, èjì, ení, èjì pín wọn. Ní ti èdè, àwọn ẹ̀yà Yorùbá agbègbè Kàbà yìí, Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, ló jọ ń kíni ní “Ọ̀kun” títí ìkíni náà fi di orúkọ wọn, síbẹ̀ àwọn ọmọ wọn a máa fi ohùn ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Tíṣà tó bá ní kí oníkálukú sọ orúkọ ohun kan bí wọ́n ṣe ń pè é nílé, tó sì kọ gbogbo rẹ̀ sójú pátákó, ti sọ ohun ẹ̀rín di ẹ̀kọ́.

Àṣìṣe ńlá ni kí a dá ọmọ tí wọ́n ń fòòró dúró níwájú kíláàsì, kí a ní “Ẹ ṣàánú rẹ̀.” Àánú a tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ni. Iṣẹ́ tí gbogbo ilé-ìwé ń retí ni kí a fún un: kí ó máa lu agogo ìsinmi, kí eré má lè bẹ̀rẹ̀ láìsí i.