Kí Ọkọ̀ Sójà Tó Di Agbégilódò

Ọkọ̀ kan wà tó máa ń ná ọ̀nà Ìsẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Kó tó yọ la ti máa ń gbọ́ ọ, àwa ọmọdé á sì ti kó wọ inú koríko kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Kò ní ilẹ̀kùn. Wáyà ni wọ́n fi so bọ́ńpà rẹ̀ mọ́ ara. Ìtì igi mẹ́ta ńláńlá ló máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀, awakọ̀ á sì yọ orí síta kó lè rí ọ̀nà. Agbégilódò là ń pè é. Lọ́jọ́ kan tó dúró nítòsí ilé wa, mo fi èékánná ha ọ̀dà búlúù ara rẹ̀, mo sì rí àwọ̀ ewé lábẹ́ rẹ̀. Àwọ̀ sójà ni.

Àwọn kan ní àìlówó ló sọ àlòkù ọkọ̀ ológun di ọkọ̀ wa ní Èkìtì. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ kò parí síbẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ló kọ́kọ́ wọ̀lú, ọkọ̀ ló tẹ̀lé e.

Ogun Hítílà ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, orí ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ wa fi ń ru kòkó jáde lóko. Ogun náà ló kó ọ̀dọ́ púpọ̀ ní Nàìjíríà wọ inú ọkọ̀, tó fi sítíárì àti sípánà lé wọn lọ́wọ́. Àwọn òyìnbó ní ẹ̀ka kan nínú iṣẹ́ ológun tí wọ́n ń pè ní West African Army Service Corps. Àwọn ló ń gbé ẹrù àti oúnjẹ ogun kiri. Ní oṣù kẹta ọdún 1941, àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà gba ọ̀nà Mogadishu ní Sòmálíà wọ Jijiga ní Etiópíà. Máìlì 744 ni, ọjọ́ 17 péré ni wọ́n fi rìn ín. Ọkọ̀ ló gbé wọn, nínú iyanrìn àti òkúta. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá kú níbẹ̀, òun náà ló máa jí i. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan Bọ́mà. Láàárín ìparí 1943 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1944, Dífíṣọ̀n 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà la ọ̀nà jíìpù tó gùn tó máìlì 75 kọjá lórí òkè kí wọ́n tó lè wọ àfonífojì Kaladan. Ẹni tó ti wa ọkọ̀ níbẹ̀, kí ni òkè Ẹ̀fọ̀n fẹ́ fi dẹ́rù bà á?

Ogun parí ní 1945. Àwọn kan wà tí wọ́n fi ọkọ́ sílẹ̀ lọ, tó jẹ́ pé ọkọ̀ ni wọ́n mọ̀ dé. Lákòókò kan náà, ọkọ̀ ogun ti pọ̀ nílẹ̀ ju ohun tí ìjọba kankan lè tọ́jú lọ. Ọkọ̀ ẹrù Bedford QL nìkan, ó lé ní 50,000 tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. GMC Amẹ́ríkà, èyí tó ń gbé tọ́ọ̀nù méjì àbọ̀, lé ní 500,000. Wọ́n bá lù wọ́n ní gbàǹjo. Díẹ̀ nínú wọn bọ́ sọ́wọ́ oníṣòwò nílẹ̀ adúláwọ̀. Ẹni tó bá rà á á yọ ara irin rẹ̀ dànù, á fà á lé káfíńtà lọ́wọ́, káfíńtà á kan pákó lé e lórí, ó di bọ́lẹ̀kájà nìyẹn.

Kí ló wá mú un bá ilẹ̀ wa mu? Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà mọ̀ pé sójà ọmọ ogún ọdún ló máa tún un ṣe, lóru, nínú òjò, pẹ̀lú sípánà mélòó kan, kí ọ̀tá tó dé. Nítorí náà, bóòtù àti nọ́ọ̀tì rẹ̀ tóbi, àyè wà láti ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, táyà iwájú àti tẹ̀yìn ló jọ ń fà á, ikùn rẹ̀ sì ga kúrò nílẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ sí igbó Ìsẹ̀, ilẹ̀ pupa yẹn á di ọṣẹ. Ọkọ̀ tí táyà ẹ̀yìn nìkan ń tì kò lè gbé gẹdú jáde níbẹ̀. Ìyẹn ló gba ọkọ̀ sójà lọ́wọ́ olérò, tó fi í lé onígẹdú lọ́wọ́.

Èyí tó sọ àtúnṣe rẹ̀ di iṣẹ́ gidi ni Bedford RL, tí àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò láàárín àwọn ọdún 1950. Ẹ́ńjìnnì epo bẹntiróòlù ni, lítà 4.9, písítìnì mẹ́fà. Ó lágbára, àmọ́ ọ̀mùtí ni. Nínú igbó tó ti ń fi gíà kìíní wọ́ láti àárọ̀ dalẹ́, táǹkì á gbé gbogbo èrè igi mì. Àwọn mẹkáníìkì bá ta ọgbọ́n: wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì dísù, tí kì í mu epo tó bẹ́ẹ̀, lára Bedford TK ti aráàlú tó ti kú, wọ́n gbé e sínú ti sójà. Ọmọ ìyá ni àwọn méjèèjì, àmọ́ ọmọ ìyá pàápàá kì í fi gbogbo ìgbà wọ bàtà ara wọn. Wẹ́dà á gé ibi tí ẹ́ńjìnnì máa jókòó sí, á tún un jó. Ibi tí ẹ́ńjìnnì ti pàdé gíábọ́ọ̀sì, wọn á wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, torí bó bá fi ìwọ̀nba èékánná yà, kílọ́ọ̀ṣì á jẹ tán kí oṣù tó pé. Ọ̀gá kan wà ní Ìkéré tí mo máa ń jókòó tì, okùn òwú ló fi ń wọn tirẹ̀. Kò gba téèpù gbọ́.

Magirus, ọkọ̀ Jámánì, tún dé. Jupiter ni ti àwọn ológun Jámánì, táyà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ń fà, ẹ́ńjìnnì V8 tó ní agbára ẹṣin 178. Kò sí rédíétọ̀ lára rẹ̀ rárá, atẹ́gùn ni wọ́n fi ń tù ú. Ọmọ iṣẹ́ tuntun ni wọ́n máa ń rán pé, “Sáré lọ pọn omi wá o, Magirus ti gbóná!” Á gbé korobá dé, á máa yí ọkọ̀ ká, á máa wá ibi tó máa dà á sí, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà pọn omi yẹn rí. Àmọ́ Magirus kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín tó bá yá. Bí eruku igbó bá bá òróró pọ̀, á dí àárín àwọn irin pẹlẹbẹ tó yí sílíńdà ká, atẹ́gùn kò ní ráyè kọjá, orí ẹ́ńjìnnì á sì sán. Búrọ́ọ̀ṣì onírin àti kẹrosíìnì, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ni oògùn rẹ̀.

Rẹ́wáyà náà ní tirẹ̀ láti kọ́. Vóòltì 24 ni iná ọ̀pọ̀ nínú ọkọ̀ ológun, 12 sì ni ti mọ́tò kékeré. Bátìrì méjì ni wọ́n ń so pọ̀. Ẹni tó bá ki gílóòbù mọ́tò kékeré bọ̀ ọ́ á rí mọ̀nàmọ́ná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òkùnkùn ló kù.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé tó parí ní 1970, àwọn ológun tiwa náà ta èyí tó ti gbó lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí Jámánì méjèèjì di ọ̀kan ní 1990, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù dín ọmọ ogun wọn kù, wọ́n sì ń ta ọkọ̀ bí ẹni ń ta àgbàdo. DAF àti MAN bá tọ́kúnbọ̀ gba èbúté Èkó wọlé. Ohun tí ẹni tó rà á kọ́kọ́ ń ṣe ni pé kó kùn ún ní ọ̀dà mìíràn, kí sójà ojú ọ̀nà má baà bi í pé ta ló fún un. Ibẹ̀ ni búlúù tí mo ha lọ́jọ́sí ti wá.

Ìrè-Èkìtì, ìlú Ògún Onírè, kò jìnnà sí wa. Àwọn awakọ̀ àti mẹkáníìkì kan ṣì ń pa ajá fún un. Àwọn tó ti di ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ní àwọn ò bọ ọ́ mọ́. Àmọ́ bí gíà bá bọ́ lórí òkè tí igi sì wà lẹ́yìn, orúkọ tó ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn, èmi kò ní sọ ọ́ níbí.

Ọkọ̀ ọ̀nà Ìsẹ̀ yẹn kò sí mọ́. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ mìíràn, gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ wà lábẹ́ igi máńgòrò ní ṣọ́ọ̀bù. Alágbẹ̀dẹ ló ra sìpíríǹgì rẹ̀, torí kò sí irin tó dára tó o fún àdá. Ọ̀kan nínú àwọn àdá náà wà nílé wa. Òun la fi ń ṣán oko kòkó.